Ta Ni Àwọn Baba Mẹ́ta Tó Dúró ní Berger?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Ìbàdàn wá sí Èkó yóò gba orí afárá Kàrà, níbi tí òórùn màlúù àti àgbò ti ń pàdé èrò nínú ọkọ̀. Odò tó ń ṣàn lábẹ́ afárá náà ni odò Ògùn. Kò jìnnà lẹ́yìn rẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń dé Berger, ẹnu ibodè Èkó, níbi tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń pe Ọ̀gbà, Agége, Ìkẹjà. Ibẹ̀ la ti mọ àwọn baba mẹ́ta kan, fìlà funfun lórí wọn, ọwọ́ wọn dì. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Ààrò Mẹ́ta, àwọn kan ń pè wọ́n ní Àgbà Mẹ́ta. Bodun Shodeinde ló ṣe ère náà ní ọdún 1991, nígbà tí Raji Rasaki ń ṣe gómìnà ológun ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọ̀pọ̀ àlejò ló gbà pé ìjà ni àwọn baba náà fẹ́ jà. Wọ́n á ní Èkó ló ń kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ pé kó lajú, kó má sùn, pé ìlú yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Gbogbo èyí dùn ún sọ nínú dáńfó, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ńṣe ni àwọn baba náà ń kí ènìyàn. Bí àwọn ìjòyè onífìlà funfun Èkó ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, ọwọ́ dídì ni wọ́n fi ń kíni. Ó ká mi lára pé ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a fi ń gba iwájú àwọn tó ń kí wa káàbọ̀, tí a sì ń rò pé wọ́n fẹ́ lù wá.

Ta ni wọ́n? Oríṣiríṣi ni ìjòyè onífìlà funfun ní Èkó, ṣùgbọ́n àwọn Ìdẹ́jọ ló ni ilẹ̀. Arómirẹ́ wà nínú wọn, Olúmẹ̀gbọ́n wà nínú wọn, Oníru wà, Ọlọ́tọ̀ wà. Ìdí kan náà ni ìtàn wọn ń tọ́ka sí, ìyẹn Olófin Ògúnfúnminíre, ẹni tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá. Ìtàn Àwórì sọ pé wọ́n gbé àwo kan lé e lọ́wọ́ pé kó máa tẹ̀ lé e lórí omi, kó sì tẹ̀dó síbi tí àwo bá rì sí. Àwo gba orí odò Ògùn wá, ó dúró ní Ìṣẹrí, Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún gbéra, ó ń lọ sí ọ̀nà ọ̀sà títí ó fi rì ní agbègbè Ìdó. Oríṣiríṣi ni ẹnu tí a fi ń sọ ọ́. Iye ọmọ Olófin tó pín ilẹ̀ yàtọ̀ láti agbolé kan sí èkejì, ó sì ju Ìṣẹrí kan lọ tó ní ọ̀dọ̀ òun ni àwo kọ́kọ́ dúró sí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn fẹnu kò lórí odò náà. Oko ata Arómirẹ́ sì ni Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, dúró lé lórí títí di òní.

Ẹ wá wo bí ilẹ̀ ṣe tò. Odò tó gbé àwo wá ni a kọjá ní Kàrà. Ìṣẹrí wà létí odò náà. Níwájú díẹ̀, àwọn ọmọ Olófin dúró, wọ́n ń kíni. Kò sí ère mìíràn ní Èkó tí mo mọ̀ tí ilẹ̀ tó dúró lé àti ìtàn tó gbé dání bára mu tó báyìí. Bóyá Shodeinde àti ìjọba tó gbéṣẹ́ fún un rò ó bẹ́ẹ̀, bóyá ibodè nìkan ni wọ́n ń rò, èyí tó wù kó jẹ́, ó bọ́ sí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni. Kò sí ibi tí bàbá kan lè mú ọmọ rẹ̀ dúró sí kó ní, "Wò ó, àwọn tó ni ilẹ̀ tí à ń gbé lórí rẹ̀ nìyí." Láti inú ọkọ̀ tó ń sáré ni a ti ń rí àwọn baba wa.

Ilẹ̀ Àwórì yìí náà ló wá di ilé iṣẹ́ ńláńlá. Àgídíngbí, Ọ̀gbà, Oǹígbòngbò, Ìkẹjà fúnra rẹ̀, abúlé àgbẹ̀ ni gbogbo wọn kí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn tó ya ọgbà ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950. Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà nígbà náà, títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní May 1967. Ojú títì ló gba ìrántí àkókò yẹn mọ́ra jù. Ọ̀nà Ọba Akran tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà tọ̀sán-tòru gba orúkọ Ọba Claudius Akran ti Àgbádárìgì, tó ṣe mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Mélòó nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ ló mọ̀ pé ènìyàn ni?

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó wá pé àádọ́ta ọdún ní 2017, ìjọba Akinwunmi Ambode bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ère kalẹ̀ káàkiri, Ìkẹjà sì jẹ nínú rẹ̀ dáadáa. Méjì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé kò pé oṣù kan láàárín ìgbà tí wọ́n ṣí àwọn méjèèjì, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà rántí òkú yàtọ̀ síra gidi.

Ní 20 September 2017, wọ́n ṣí ère Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Àgídíngbí, lójú ọ̀nà Lateef Jakande. Hamza Atta ló ṣe é. Ogún ẹsẹ̀ bàtà ni gíga rẹ̀, Awólọ́wọ̀ jókòó, ó wọ agbádá, fìlà rẹ̀ wà lórí. Ibi tó yẹ kó wà náà ló wà, nítorí ìjọba tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ni ọgbà ilé iṣẹ́ Ìkẹjà ti jáde. Ṣùgbọ́n kí aṣọ tó bò ó tó kúrò tán ni ìlú ti gba ariwo. Ta ló ń fi bàtà onílésì wọ agbádá? Ṣé bí ojú Awó ṣe rí nìyí? Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀ ní kò jọ ọ́, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ní kò jọ fọ́tò rẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ère náà ń sọ nípa iṣẹ́ ọkùnrin náà, nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, nípa ilé iṣẹ́ tó yí i ká. Ìjíròrò kò kúrò lórí ojú àti bàtà. Ẹ̀bi ìlú kọ́. Nígbà tí oníṣọ̀nà bá ti ṣèlérí àwòjọ, àwòjọ ni ènìyàn yóò fi wọ̀n ọ́n.

Kò pé oṣù kan sí i, ní 15 October 2017, wọ́n ṣí èkejì ní ìkóríta Allen. Abolore Sobayo ló ṣe é, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sì tọ́ka sí ìtúsílẹ̀. Ọjọ́ ìbí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni ọjọ́ náà, ogún ọdún sì ti kọjá lẹ́yìn tó kú ní 2 August 1997. Ère yìí kò ní orí. Aṣọ Fẹlá ni, ṣòkòtò àti bùbá tó fún mọ́ ara, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn lórí ìtàgé, ó dúró láìsí ojú kankan lókè ọrùn.

Àwọn kan bínú. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n gé orí Fẹlá? Mo lóye ìbínú náà, torí nínú gbogbo ẹ̀yà ara, orí ni Yorùbá ń bọ. Ẹ wo ère igi àtijọ́, orí máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìpín wà. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ náà sí i, bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń dá mi lójú pé ère Sobayo sún mọ́ ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń rántí òkú ju ti Àgídíngbí lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nígbà tí baba bá fẹ́ wá sílé wò wá, nínú aṣọ ló ń wá. Ẹ̀gúngún kò ní ojú tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Aṣọ ni, ìgbésẹ̀ ni, ohùn ni. Ní Èkó níhìn-ín, Adámú Òrìṣà tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ọba àti àwọn èèyàn pàtàkì, èyí tí wọ́n ṣe fún Ọba Akítóyè ní 1854, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bo ojú Èyò, òpáǹbàtà àti àkẹtẹ̀ la fi ń dá Èyò ìgá kọ̀ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, òkúta gíga tó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún lọ tí wọ́n kan irin mọ́ lára, kò ní ojú, kò ní ọwọ́, síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tó dé ibẹ̀ tí kò mọ̀ pé Ọ̀rànmíyàn ni òun wá wò, ẹni tó tẹ Ọ̀yọ́ dó, tí àwọn ọba Bìní náà sì ṣẹ̀ wá láti ara rẹ̀.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé Yorùbá náà mọ ojú yà. Òótọ́ ni. Àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938 jọ ènìyàn débi pé àwọn òyìnbó kan kọ́kọ́ kọ̀ láti gbà pé aláwọ̀ dúdú ló ṣe wọ́n. Ní Ọ̀wọ̀, nígbà ìsìnkú kejì, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó, ère tó jọ olóògbé gan-an, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní aṣọ rẹ̀, wọ́n á gbé e kiri ìlú kí gbogbo ayé lè rí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sin ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyí. Èyí tó jọ ojú olóògbé kì í pẹ́ nígboro, ilẹ̀ ló ń padà sí, tàbí inú ààfin. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún oòrùn àti òjò, tí arọ́mọdọ́mọ yóò máa bá nígboro, àmì ni: òkúta, ọ̀pá, irin. Ojú ènìyàn kan kú pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àmì ló ń bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé Ààrò Mẹ́ta ti Berger àti aṣọ Fẹlá ti Allen ló bọ́ sí i jù nínú gbogbo ère agbègbè yìí. Kò sí ẹni tó mọ bí ojú Olófin ṣe rí, Shodeinde kò sì díbọ́n bí ẹni tó mọ̀ ọ́n; ìkí àti fìlà ló fi sọ̀rọ̀. Sobayo mọ ojú Fẹlá bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì fi í sílẹ̀. Ní ti Fẹlá, Ìkẹjà tún ní àǹfààní kan tí Berger kò ní. Ẹni tó bá rí aṣọ náà nígbà tó wà ní ìkóríta lè fẹsẹ̀ rìn dé ojúlé 7, òpópónà Gbemisola, ilé tí Fẹlá gbé kẹ́yìn, tí sàréè rẹ̀ wà, tí wọ́n sọ di ilé àkójọ ohun ìrántí ní 2012. Ṣíráìnì Tuntun (New Afrika Shrine) wà ní Àgídíngbí, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lu ìlù baba wọn. Ère, sàréè àti orin jọ wà ní agbègbè kan náà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ojúbọ ṣe máa ń ní àmì, òkú àti oríkì.

Èmi kò ní pẹ́ lórí àwọn ti Ọjọ́ta, ère Gani Fawehinmi àti ti MKO Abiola tí wọ́n tún gbé dìde ní 2018. Wọ́n ga, wọ́n fojú jọ àwọn tó ni wọ́n dé ìwọ̀n kan, ìjà òṣèlú tí wọ́n ń rántí sì tọ́ sí ìrántí. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo ère tí mo ti dárúkọ láti Berger dé Allen dé Ọjọ́ta, kò sí obìnrin kan ṣoṣo. Ní ìlú Kudirat Abiola tí wọ́n yìnbọn pa ní 4 June 1996, tí ọ̀nà Oregun fi gba orúkọ rẹ̀! Ní ìlú tí ìyá Fẹlá, Funmilayo Ransome-Kuti, ti fara pa nígbà tí àwọn ọmọ ogun jù ú láti ojú fèrèsé ní 1977, tí ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e! Ifẹ̀ ti fi ọ̀nà hàn. Ní 2016, Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì gbé ère Mọrèmi dìde, ẹsẹ̀ bàtà 42 ni gíga rẹ̀. Àwọn ère òkúta Ẹ̀síẹ́, tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, kún fún obìnrin, wọ́n jókòó pẹ̀lú irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ kò rò pé ọkùnrin nìkan ni baba ńlá.

Agége ni mo fẹ́ dé gan-an, nítorí mi ò mọ ère kankan níbẹ̀ tó rántí iṣẹ́ tí ilẹ̀ náà ṣe fún gbogbo Yorùbá. Kí Agége tó di ìlú búrẹ́dì àti mọ́tò, oko ni. Nígbà tí òwò kò fara rọ fún àwọn oníṣòwò dúdú ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan nínú wọn kọjú sí ilẹ̀ Agége, wọ́n gbin kòkó, wọ́n gbin obì. Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú tó dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀ ní 1901, ní oko ńlá ní Ifákọ̀, òun ló sì ṣíwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti Èkó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, gba àárín oko wọ̀nyẹn kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti òkè wá gbaṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, bí a ṣe ń pa á, bí a ṣe ń sá a, wọ́n sì gbé èso rẹ̀ padà sí abúlé wọn. Kòkó tó wá kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tó san owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, tó san lára owó ọgbà ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, díẹ̀ kọ́ nínú irú rẹ̀ ló ti Agége jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé e lérí rèlé kò ní orúkọ nínú ìwé kankan.

Ta ni yóò ṣe ère wọn? Ọ̀pọ̀ ère ìjọba òde òní, fáíbà ni. Wọ́n á fi amọ̀ mọ ọ́n, wọ́n á fi P.O.P. gba ìrísí rẹ̀, wọ́n á da fáíbà sínú rẹ̀, wọ́n á wá kùn ún ní ọ̀dà kó lè jọ idẹ. Ó yá, kò sì wọ́n tó idẹ, ṣùgbọ́n oòrùn Èkó àti èéfín ọkọ̀ kì í pẹ́ ṣí ọ̀dà yẹn kúrò. Bẹ́ẹ̀ irin àlòkù kún Agége àti Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé pọ̀, ọjà wọn wó, ẹ̀rọ wọn di ohun tí àwọn onírin ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Dotun Popoola, tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ti fi hàn pé irú irin bẹ́ẹ̀, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jó, lè di ẹṣin tó ń sáré. Àwọn wẹ́dà tó lè dúró tì í kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè yìí. Àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ pàápàá ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé irin lè dúró fún ẹni ńlá. Ojúbọ Ògún tí wọ́n fi irin ọkọ̀ ṣe sí gáráàjì kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá ọwọ́ ọmọ iṣẹ́, kó lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Bíríkìlà ni Adebisi Akanji kó tó bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́. Sìmẹ́ǹtì, irin àti amọ̀ tí bíríkìlà ń lò ni wọ́n fi mọ àwọn òrìṣà ńláńlá tó dúró láàárín igi níbẹ̀, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Wọ́n ṣe é níbi tí àwọn olùjọsìn ti lè rìn dé ìdí rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ Òṣogbo kò rí i láti inú ọkọ̀.

Ibi kan wà ní Agége tó yẹ fún un. Ibùdókọ̀ ojú irin Agége ni, níbi tí ọkọ̀ Ìbàdàn tuntun ti ń dúró láti 2021, tí reluwé Red Line ti Èkó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní 2024. Ẹsẹ̀ ni èrò fi ń wọlé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jáde. Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn òṣìṣẹ́ oko síbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n kọjú sí ọ̀nà òkè bí ẹni tó ń rèlé, ẹrù wà lórí wọn, èso kòkó wà lọ́wọ́. Kí ojú wọn má jọ ojú ẹnì kan. Ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí àwọn ènìyàn yìí ṣe, lédè Yorùbá, ní lẹ́tà tí àgbàlagbà lè kà láìwọ awò: 1907, Ifákọ̀, oko Coker, kòkó. Kí wọ́n kọ orúkọ Àwórì tó ni ilẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, ìdílé dé ìdílé, bí àwọn ìdílé náà bá ti fẹnu kò sí i. Kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo wẹ́dà àti bíríkìlà tó bá bá wọn lọ́wọ́ sí i.